Pípa ẹja báàsì nínú adágún tí koríko ti bò, láti bèbè: ẹ bá mi dá sí i

Olùbẹ̀rẹ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Adágún kan wà tí mo máa ń lọ, kò jìn rárá, ibi tó jìn jù níbẹ̀ ò lè kọjá àyà èèyàn, koríko omi sì ti bò ó débi pé bí oòrùn bá ti mú báyìí, ihò bíi mélòó kan ló kù tí èèyàn ti lè rí omi. Mo mọ̀ pé báàsì wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ tó ń dún pàù lábẹ́ òṣíbàtà, lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ rí ọ̀kan tó fò jáde gbé lámilámi mì lójú mi. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ju ìwọ̀, koríko ni mò ń fà bọ̀, ìdì ńlá kan, màá wá tú u títí kí n tó rí ìdẹ mi láàárín ẹ̀. Mi ò ní ọkọ̀ ojú omi, bèbè ni mo ń dúró sí. Ìdẹ tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta lábẹ́ ni mò ń lò, okùn mi jẹ́ ti pọ́n-ùn 8, ìyẹn ìwúwo tó lè gbé kó tó já. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Apẹja Àárọ̀:
Àbúrò, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn ni kó o kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú koríko, ẹnu ìwọ̀ tó bá yọ síta, koríko ló máa gbé kí ẹja tó dé ibẹ̀. Wá ìdẹ rọ́bà tó rí bí ekòló, èyí tó gùn tó ínǹṣì 5, kó o wá ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan tí ọrùn ẹ̀ ṣẹ́ kọ́lọ, nọ́mbà 3/0 tàbí 4/0. Texas rig ni wọ́n ń pè é. Mo máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá: ti ẹnu ìwọ̀ bọ àárín gbùngbùn orí ekòló rọ́bà yẹn, kó wọlé tó ìwọ̀n èékánná, kó o yọ ọ́ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, fa ìwọ̀ náà kọjá títí tí ọrùn tó ṣẹ́ yẹn á fi jókòó sínú orí rọ́bà, yí i kí ẹnu ìwọ̀ kọjú sí ara ekòló, jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó o fi ojú wọn ibi tó máa bọ́ sí, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti gún un já sí òdìkejì, kó o wá fi ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ awọ rọ́bà, bíńtín báyìí. Tó o bá fi ìka rìn ín kọjá, kò gbọdọ̀ gún ẹ. Ekòló náà gbọ́dọ̀ nà tọ́ọ́rọ́, tó bá ká, ńṣe lá máa yí bírí-bírí lómi, okùn ẹ á sì lọ́ pọ̀.

Má fi òjé kankan sí i. Níbi tí omi ò jìn, òjé ló ń fà á wọ inú ẹrọ̀fọ̀. Jù ú sórí koríko, fà á rọra dé etí ihò, jẹ́ kó já bọ́, kó o má ṣe nǹkan kan mọ́. Máa wo okùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wàá kàn rí i pé okùn ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé o mọ nǹkan kan lọ́wọ́ rárá, ẹja ti gbé e nìyẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́:
Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ dáa gan-an, mi ò jiyàn. Àmọ́ kó o tó ju ohunkóhun sómi, báwo lo ṣe ń rìn dé bèbè?

Mo bi ẹ torí pé nínú adágún tí ò jìn, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ gan-an ni ẹja wà. Mo ti gun igi kan tó tẹ̀ sórí omi rí, mo sì jókòó sórí ẹ̀ láìmira. Báàsì kan wà lábẹ́ koríko tó rọ̀ sómi láti bèbè, kò ju ìwọ̀n apá kan sí ilẹ̀ gbígbẹ lọ, ó dúró síbẹ̀ bí igi, ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìlà dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀ hàn kedere. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan wá ń bọ̀ láti òdìkejì, kò tíì dé bèbè, ó ṣì ku bíi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dún kì, kì, lórí ilẹ̀. Ẹja yẹn kàn yí orí, ìrù ẹ̀ gbá ẹrọ̀fọ̀ sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń bọ̀ wá dé, ó dúró sórí ibi tí ẹja ti kúrò, ó ju ìwọ̀ ẹ̀ sáàárín omi pátápátá. Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn, torí èmi náà bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe fún ọdún pípẹ́.

Ẹja ní kiní kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, láti ẹ̀yìn orí dé ìrù, tó fi ń mọ gbogbo nǹkan tó bá mi omi. Ilẹ̀ bèbè tó bá rọ̀ máa ń gbé ìró ẹsẹ̀ wọ inú omi tààrà. Nítorí náà, dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, má jẹ́ kí òjìji ẹ bọ́ sómi. Ìjù àkọ́kọ́, má jù ú sáàárín. Jù ú gba etí bèbè lọ, kí ìdẹ máa bá etí koríko rìn padà wá sọ́dọ̀ ẹ. Apá òsì, apá ọ̀tún, lẹ́yìn ìyẹn kó o wá máa ṣí i síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí abẹ̀bẹ̀. Àárín adágún ló gbẹ̀yìn.

Bàbá Òjé:
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí, pọ́n-ùn 8 ò lè ṣe é. Kì í ṣe torí pé ẹja wúwo, torí pé tó bá ti gbé ìwọ̀, ìsàlẹ̀ koríko ló máa kọrí sí, á wé okùn mọ́ igi koríko mẹ́rin márùn-ún, o ò wá fa ẹja kílò kan mọ́, o ń fa ẹja pẹ̀lú koríko kílò mẹ́ta. Okùn tí wọ́n hun, braid, ti pọ́n-ùn 50 tàbí 65, ni kó o fi sórí ríìlì ẹ, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ká okùn lára ọ̀pá. Kì í nà, ó tún máa ń gé igi koríko tútù bí ọ̀bẹ tó o bá fà á. Ọ̀pá tó le ni kó o fi lò ó, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, torí láti bèbè, gígùn ọ̀pá ló máa jẹ́ kó o lè gbé okùn kọjá lórí koríko tó wà níwájú ẹsẹ̀ ẹ.

Ọmọ Olódò:
Bàbá, mo fara mọ́ yín, àmọ́ ó níbi tó mọ. Tí koríko bá pọ̀ tó ti bo ojú omi, ẹja ò rí okùn, braid ló dáa. Tí omi bá mọ́ gaara tó sì jẹ́ pé koríko kàn wà níhìn-ín lọ́hùn-ún, ekòló rọ́bà láìsí òjé, mo máa ń so okùn tí ò hàn lómi, fluorocarbon, ti pọ́n-ùn 15 mọ́ iwájú braid, ìwọ̀n apá méjì. Mo ń rí i jẹ ju braid lásán lọ.

Bàbá Òjé:
O wí ire. Nínú omi tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni.

Àǹtí Ẹlẹ́ja:
Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ àkèré rọ́bà! Àbúrò mi, tí koríko bá ti bo omi bó o ṣe wí yẹn, òun gan-an ló yẹ kó o kọ́kọ́ rà.

Inú ẹ̀ ṣófo, ó ń léfòó, ó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu méjì tó kọjú sókè, tó sùn mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, nítorí náà á yọ̀ kọjá lórí òṣíbàtà láìmú ewé kankan. Tí ẹja bá gbé e mì, ara àkèré á tẹ̀ wọlé, ìwọ̀ á yọ. Jù ú kọjá ibi tó o fojú sí, má jù ú lé e lórí. Fà á wá lórí ewé, kékeré kékeré, bó bá ti dé ihò omi kan, dá a dúró. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Fi sílẹ̀ kí omi tó mì pa rọ́rọ́, kó o wá mi orí ọ̀pá ẹ fíìrí lẹ́ẹ̀kan, kó mì lójú kan. Ẹja ti wà nísàlẹ̀ tó ń wò ó láti ìgbà tó ti ń rìn lórí ewé, ó rí bí ewé ṣe ń mì.

Èyí tó le jù rèé, ẹ gbọ́ o. Tí omi bá fọ́ gbàà, má fà á! Gbogbo ara ẹ ló máa ní kó o fà á, má dá a lóhùn. Báàsì máa ń gbé àkèré pẹ̀lú koríko lẹ́ẹ̀kan náà, ó nílò àyè láti yí orí. Sọ orí ọ̀pá ẹ kalẹ̀ kọjú sí i, yí ríìlì kí okùn tó dẹ̀ wọlé, tó o bá mọ ìwúwo ẹ̀ lọ́wọ́, ó ti mú un nìyẹn, fà á sókè pẹ̀lú agbára. Bíi kíka ení, èjì ni gbogbo ẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi pàdánù ẹja torí pé ojú mi ló ń fà á, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Nǹkan kéékèèké méjì sí i: àwọn okùn rọ́bà tó ṣe bí ẹsẹ̀ fún un máa ń gùn jù, gé ẹgbẹ́ kan kó kúrú ju ìkejì lọ díẹ̀, á máa yà sọ́tùn-ún yà sósì dípò kó máa wá tààrà. Lẹ́yìn ìjù bíi mélòó kan, fún omi inú ẹ̀ dànù, tó bá ti mu omi, á máa rì nídìí.

Olùbẹ̀rẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni o, Àǹtí, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ béèrè: ibo ni kí n máa jù ú sí? Ibi gbogbo ló rí bákan náà lójú mi, ewé, ewé, ewé. Ṣé kí n kúkú wá ọ̀kọ̀ gígùn kan fi tu koríko kúrò níwájú mi kí n lè rí àyè?

Ọmọ Olódò:
Rárá o, má tu nǹkan kan. Àkọ́kọ́, ẹni tó ni adágún lè má fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkejì, àwọn koríko omi kan wà tó jẹ́ pé gígé tó o bá gé wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó já léfòó á lọ hu níbòmíì, hydrilla àti milfoil ò kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀. O fẹ́ dín in kù, o wá ń gbìn ín. Ìkẹta, òrùlé ẹja lo ń ṣí yẹn.

Àwọn àgbà ní ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó lékè yìí àti àwọn tó wà lábẹ́ ni kó o máa wá. Ewé òṣíbàtà fẹ̀ lókè, àmọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló wà nísàlẹ̀, àyè wà níbẹ̀ tí ẹja ń rìn bí ẹni tó wà lábẹ́ àtíbàbà. Koríko tó hù láti ìsàlẹ̀ tí ò tíì dé òkè, ó máa ń fi omi bíi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ lórí ara ẹ̀, ibẹ̀ dáa fún ìdẹ rọ́bà tó rí bí ẹja kékeré tí ìwọ̀ ẹ̀ pamọ́, kó o máa fà á lọ láìdúró, kó máa kan orí koríko fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́. Èyí tó dà bí òwú tútù tó ń yọ̀ lọ́wọ́, fò ó kọjá, ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan, àyàfi àkèré.

Wá ibi tí nǹkan ti yí padà. Ibi tí oríṣi koríko méjì ti pàdé. Ibi tí koríko yọ ẹnu síta. Ihò tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ le, tó jẹ́ yanrìn tàbí òkúta. Igi tó wó sínú òṣíbàtà. Tó o bá ní awò ojú polarized, lò ó, ó ń gé ìtànṣán tó wà lójú omi, wàá rí ohun tó wà lábẹ́. Koríko tó ti ń kú, tó ti di pupa rúsúrúsú, mi ò kì í dúró níbẹ̀, koríko tó ń jẹrà máa ń jẹ ọ́síjìn inú omi, ẹja á ti kúrò lọ síbi tó tutù yọ̀yọ̀.

Apẹja Àárọ̀:
Kí n fi ti àkókò kún un. Fàájì tèmi ni àfẹ̀mọ́júmọ́, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: nígbà ooru gbígbóná nínú adágún tí koríko pọ̀ jù, òwúrọ̀ kùtùkùtù lè má dáa bí èèyàn ṣe rò. Lọ́sàn-án, koríko ń tú ọ́síjìn sómi, lóru òun náà ń mí, ó ń gbà á padà, nítorí náà kí oòrùn tó yọ ni ọ́síjìn kéré jù. Mo ti rí ọjọ́ tí mi ò rí nǹkan kan láti aago 5 títí dé 8, tí ẹja wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nígbà tí oòrùn ti kan koríko dáadáa.

Àǹtí Ẹlẹ́ja:
Lọ́dọ̀ tèmi, ìrọ̀lẹ́ ni. Nígbà tí òjìji igi bá ti gùn bo omi títí tí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́, mo lè fi gbogbo ọjọ́ ju àkèré.

Ẹlẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́:
Ẹ má gbàgbé àsìkò tí wọ́n ń yé ẹyin o. Bí omi bá ti ń gbóná lẹ́yìn òtútù tó sì tó bíi dígírì 15 sí 18 lórí Celsius, akọ á gbá ojú ilẹ̀ mọ́ rọ́bútú lẹ́bàá bèbè, á máa ṣọ́ ẹyin àti ọmọ níbẹ̀. Wàá rí i kedere, kì í sá jìnnà, ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀ ló máa lé. Ó rọrùn láti mú un. Èmi kì í mú un, torí tó bá kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan péré, àwọn ẹja kéékèèké á ti jẹ ẹyin tán. Nínú adágún kékeré, ìyẹn máa ń hàn lẹ́yìn ọdún méjì.

Olùbẹ̀rẹ̀:
Ẹnì kan sọ fún mi pé ẹja ńlá kì í wà nínú irú omi báyìí, pé kí n wá adágún ńlá lọ. Tó bá sì wá jẹ́ pé ó gbé e tó wọ inú koríko, báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?

Bàbá Òjé:
Má dá onítọ̀hún lóhùn. Báàsì tó gba ipò àkọ́kọ́ láyé nínú ìwúwo, èyí tí George Perry mú lọ́dún 1932 ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, pọ́n-ùn 22 àti áúńsì 4, inú omi tí odò Ocmulgee já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ti mú un, kì í ṣe inú adágún ńlá. Ó di ọdún 2009 kí Manabu Kurita tó mú èyí tó bá a dọ́gba nínú adágún Biwa ní Japan, ìyẹn náà ńlá ni lóòótọ́. Ohun tí báàsì nílò ni oúnjẹ àti ibi tó máa fara pamọ́ sí.

Ní ti yíyọ ẹ̀: tó o bá ti fà á tó mú, má dúró. Yí ríìlì lọ, gbé orí ẹ̀ sókè kó máa yọ̀ bọ̀ lórí koríko, ẹja tí orí ẹ̀ bá wà lókè ò lè rì. Tó bá ti rì kó o tó mọ̀, má máa já a gbà-gbà. Jẹ́ kí okùn le, rìn ní bèbè títí tí ìwọ àti òun á fi wà lójú kan náà tààrà, kó o wá fa okùn pẹ̀lú ọ̀pá tó tọ́ka sí i, díẹ̀díẹ̀. Má wé braid mọ́ ọwọ́ o! Ó máa gé ẹran ara ẹ dé eegun, wé e mọ́ igi kan. Tí kò bá tún mira, dẹ okùn fún ìṣẹ́jú kan, òun fúnra ẹ̀ lè yí jáde. Àwọ̀n tí ọwọ́ ẹ̀ gùn ṣe pàtàkì láti bèbè, má fi ọ̀pá gbé ẹja fò sókè lórí ilẹ̀.

Àǹtí Ẹlẹ́ja:
Rẹ ọwọ́ ẹ sómi kó o tó fọwọ́ kàn án. Ti àtàǹpàkò bọ inú ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀, eyín ẹ̀ dà bí pépà tí wọ́n fi ń ha igi, kì í géni jẹ. Tó bá tóbi, fi ọwọ́ kejì gbé ikùn ẹ̀, má jẹ́ kó rọ̀ dọ̀ọ́dọ̀ọ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn (pliers) tó o máa fi yọ ìwọ̀ gbọ́dọ̀ wà lápò ẹ. Tí ooru bá mú, omi ti gbóná, tètè dá a padà.

Ọmọ Olódò:
Kó o tó lọ sí adágún mìíràn, yọ gbogbo ewé lára ìwọ̀, ríìlì àti bàtà ẹ, kó o jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Okùn tó já, ká a dání lọ sílé, ẹyẹ máa ń kó sí i lẹ́sẹ̀. Kó o sì rí i pé ìwé àṣẹ ẹ pé, kó o gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Olùbẹ̀rẹ̀:
Ẹ̀yin ará, mo padà wá o. Mo lọ ní ìgbà mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, mo fà á kí ọ̀rọ̀ tí Àǹtí sọ tó wá sí mi lọ́kàn, àkèré fò padà kọjá etí mi. Ìgbà kejì, n kò rí nǹkan kan.

Lánàá, mi ò tiẹ̀ dé bèbè. Mo kúnlẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, mo ju ekòló rọ́bà gba etí koríko lọ sápá òsì mi bí Ẹlẹ́sẹ̀ Jẹ́jẹ́ ṣe wí. Ó já bọ́ sínú ihò kan tí kò fẹ̀ ju àwo lọ. Mi ò mọ nǹkan kan lọ́wọ́. Mo kàn ń wo okùn, mo rí i tó yà díẹ̀, bíi pé ẹnì kan fi ìka tì í. Mo yí ríìlì kí okùn le, mo fà á, omi sì dàrú. Ó gbìyànjú láti wọ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, braid ń gé koríko, mò ń gbọ́ ọ. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 41, ìwọ̀ mú un lókè ẹnu, mo wò ó dáadáa, ẹnu ẹ̀ kọjá ojú lọ sẹ́yìn gan-an. Ibi tó ti gbé e ò tó ìṣísẹ̀ méjì sí ilẹ̀, ibi tí mo máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀ ni.

Nígbà tí mo dá a padà, kò sá lọ lójú ẹsẹ̀. Ó dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ó sì wọ abẹ́ òṣíbàtà kan náà. Mo ti gé ẹsẹ̀ àkèré mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Àǹtí. Mò ń padà lọ nírọ̀lẹ́ òní.